Abúlé tó ní baálẹ̀ àmọ́ tí ò ní ará ìlú

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ọjọ́ ìlú wa rè é. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo tẹ̀ ẹ́, torí àwọn tí ò ráyè wá ò jẹ́ kí fóònù mi sinmi láti ọjọ́ náà. Ẹ fara dà á níbi tó bá ti gùn.

Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ìyá wa, Alága, ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin àfáà, ẹ̀yin ọmọ ìlú tẹ́ ẹ ti Èkó wá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Kútọnu wá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sùn sínú mọ́tò lánàá torí ọ̀nà wa yìí, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru. Mo mọ̀ pé ebi ti ń pa yín, èmi náà ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ láti ẹ̀yìn kánópì, mi ò ní pẹ́. Àmọ́ tíṣà ló ń sọ̀rọ̀ o, tí tíṣà bá ní òun ò ní pẹ́, ẹ wá nǹkan fẹ̀yìn tì.

Alága ló pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìdàgbàsókè ìlú wa. Mo ní Alága, ẹ dákun, ọdọọdún là ń sọ̀rọ̀ lórí ìdàgbàsókè ìlú, ọ̀nà náà ṣì wà bó ṣe wà. (Ẹ̀rín.) Mo ní ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi kọ́ ọmọ ní èdè Faransé, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ lórí abúlé kan nílẹ̀ Faransé. Ó ní abúlé kẹ̀? Mo ní abúlé ni, oko, ibi tí wọ́n ti ń sin màlúù. Ó ní kí ló kan tiwa ńbẹ̀? Mo ní ẹ jẹ́ n dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ n bi yín ní nǹkan kan. Kí là ń pè ní ìlú gan-an? Ṣé ilé ni ìlú? Tí gbogbo ilé bá wó ńkọ́? Ṣé èèyàn ni ìlú? Tí gbogbo èèyàn bá lọ ńkọ́? Àwọn baba wa ní àgbà ò sí nílùú, ìlú bàjẹ́, baálé ilé kú, ilé dahoro. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n níbí. Tó bá wá jẹ́ pé baálé ò kú ńkọ́? Pé ó wà níbẹ̀, ó wọ kóòtù, ó so aṣọ aláwọ̀ mẹ́ta ti ìjọba Faransé mọ́ra, ó ní sítáǹbù, ó ní fáìlì, àmọ́ kò sí ará ìlú kan ṣoṣo tó máa kí i pé ẹ káàárọ̀, kò sí ọmọdé tó máa sá lójú ọ̀nà, kò sí adìẹ? Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ó wà o. Kì í tún ṣe ẹyọ kan.

Orúkọ abúlé náà ni Fleury-devant-Douaumont. Ẹ má bá a jìjàkadì, Fulẹ́rì náà ti tó. Fleury pọ̀ nílẹ̀ Faransé bí Abúlé Ọjà ṣe pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ tibí ní Fleury tó wà níwájú Douaumont, torí Douaumont ni abúlé kejì tó múlé tì í.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí kí nǹkan tó dé.

Apá àríwá ìlà oòrùn ilẹ̀ Faransé ló wà, ní ẹkùn tí wọ́n ń pè ní Meuse, ilẹ̀ Lorraine, tí kò jìnnà sí Jámánì. Ìlú ńlá tó sún mọ́ ọn ni Verdun, ìrìn kìlómítà mélòó kan ni, ẹni tó bá lágbára lè fẹsẹ̀ rìn ín lọ sọ́jà kó sì padà. Lọ́dún 1913, èèyàn 422 ló ń gbé Fleury. 422 péré! Àwa tá a wà lábẹ́ kánópì yìí lónìí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n ń gbin àlìkámà, wọ́n ń sin ẹran, àwọn kan ń gé igi. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ilé ìwé, wọ́n ní alágbẹ̀dẹ, wọ́n ní oníbúrẹ́dì, wọ́n ní ilé ọtí tó tún ń ta iyọ̀ àti ọṣẹ, wọ́n ní ibi ìfọṣọ tí àwọn obìnrin ti ń kúnlẹ̀ fọṣọ tí wọ́n sì ń sọ tẹni tí ò sí níbẹ̀, ẹ̀yin ìyá ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Rélùwéè kékeré kan tiẹ̀ ń dúró níbẹ̀, wọ́n ní ìdúró rélùwéè tiwọn. Abúlé tó ń mí ni. Kò sí ohun ìyanu kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ìròyìn kankan tó ń tibẹ̀ jáde.

Ohun kan ṣoṣo tó burú nípa ibẹ̀ ni ibi tí Ọlọ́run gbé e sí. Nígbà tí Jámánì ṣẹ́gun Faransé ní 1871, wọ́n gba Alsace àti apá kan lára Lorraine, ààlà wá sún mọ́ Verdun. Ẹ̀rù ba Faransé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ odi yí Verdun ká, odi abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fi òkúta àti kọ́ǹkéré ṣe, odi Douaumont, odi Vaux, odi Souville, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Fleury wá bọ́ sí àárín wọn. Àgbẹ̀ tó kàn fẹ́ fún màlúù rẹ̀ lóúnjẹ, odi ogun ló ń wò ní iwájú, odi ogun ló ń wò lẹ́yìn. Àwa tá a ń gbé ẹnu ààlà, ṣé ẹ rí i, a mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń gbé ẹnu ààlà, ọ̀rọ̀ tí kò sọ ni yóò máa dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká wá sáré kọjá lórí ogun fúnra rẹ̀, Ogun Àgbáyé Kìíní, torí ogun kọ́ ni mo wá sọ, àmọ́ tá ò bá sọ ọ́ ọ̀rọ̀ ò ní yé wa.

Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Èrèlé, 1916. Òtútù lóṣù yẹn, àkókò yìnyín ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í yin àgbá, wọ́n ò sì dáwọ́ dúró. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ní kí àwọn ará Fleury kúrò. Ẹ fojú inú wò ó. Kì í ṣe ọ̀la, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìsinsìnyí ni. Kí lèèyàn á kọ́kọ́ mú? Bàbá àgbà ni àbí màlúù? Àkàbà ni àbí búrẹ́dì tó wà nínú ààrò? Wọ́n ti ilẹ̀kùn wọn, àwọn kan á ti kó kọ́kọ́rọ́ sápò torí wọ́n rò pé àwọn ń padà bọ̀. Kò sẹ́ni tó padà wá gbé ibẹ̀ títí dòní.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, odi Douaumont bọ́ sọ́wọ́ Jámánì. Nígbà tó di oṣù Òkúdù, wọ́n ju ọta àgbá tí wọ́n rọ gáàsì olóró sí nínú lóru, ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kẹtàlélógún, wọ́n wọ Fleury. Faransé lé wọn. Wọ́n padà wá. Faransé tún lé wọn. Láàárín ọjọ́ yẹn sí ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Ògún, oṣù méjì ò pé, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún ni abúlé yẹn bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún! Abúlé tí ò ju 422 èèyàn, tí wọ́n bá fi tọrẹ fún yín lójoojúmọ́ ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ máa fi ṣe. Erin méjì jà, koríko ibẹ̀ ò kàn fara gbọgbẹ́, kò tiẹ̀ sí koríko mọ́. Kò sí ògiri tó ga tó orúnkún. Àwọn ṣọ́jà tó gba abúlé náà gbẹ̀yìn, àfi kí wọ́n wo máàpù kí wọ́n tó mọ̀ pé inú abúlé làwọn wà.

Ogun Verdun yẹn parí lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù Ọ̀pẹ, 1916, oṣù mẹ́wàá. Àwọn tó kú, tẹ ẹ bá pa ti Faransé pọ̀ mọ́ ti Jámánì, wọ́n tó 300,000. Mo ti sọ ìyẹn tán, ẹ jẹ́ n fi ogun sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ gan-an rè é. Ogun tán ní 1918. Kí ló yẹ kó ṣẹlẹ̀? Kí àwọn ará ìlú padà, kí wọ́n kó òkúta jọ, kí wọ́n tún ilé kọ́, bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe. Ìjọba ní rárá. Ọta àgbá tí ò tíì bú ló kún inú ilẹ̀, gáàsì wà nínú wọn, òkú èèyàn wà nísàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè kà, ilẹ̀ ọ̀hún ti dìbàjẹ́, irúgbìn ò ṣeé gbìn síbẹ̀, omi ò ṣeé mu. Wọ́n fi àwọ̀ pupa sàmì sí ilẹ̀ náà lórí máàpù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní zone rouge, ilẹ̀ pupa. Ìjọba ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, wọ́n san owó gbà-má-bínú, wọ́n sì gbin igi sí gbogbo rẹ̀. Igbó ni lónìí. Àwọn àgbẹ̀ agbègbè yẹn tó wà lẹ́yìn ilẹ̀ pupa, títí di ìsinsìnyí tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n bá ń fi katakata túlẹ̀, wọ́n ṣì ń hú bọ́ǹbù jáde bí ẹni ń wa iṣu. Wọ́n á gbé e sí ẹ̀bá ọ̀nà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń pa bọ́ǹbù á wá gbé e.

Abúlé mẹ́sàn-án ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí ní àyíká Verdun. Ẹ jẹ́ n ka orúkọ wọn, ìdí tí mo fi fẹ́ kà á á yé yín tó bá yá: Beaumont, Bezonvaux, Cumières, Douaumont, Fleury, Haumont, Louvemont, Ornes, Vaux. Àwọn èèyàn díẹ̀ padà kọ́lé sí Douaumont, Vaux àti Ornes, ẹ̀gbẹ́ ibi tí abúlé wà tẹ́lẹ̀ ni o. Mẹ́fà tó kù, igbó ni.

Ẹ wá gbọ́. Nílẹ̀ Faransé, tí ṣọ́jà bá kú sójú ogun, wọ́n máa ń kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìlú pé ó kú fún ilẹ̀ Faransé. Oyè ni, kì í ṣe gbólóhùn lásán, òfin ló fi lélẹ̀. Ohun tí wọ́n wá ṣe ni pé wọ́n gbé oyè ọ̀hún, wọ́n fi dá àwọn abúlé yẹn lọ́lá. Abúlé! Wọ́n ní abúlé náà kú fún ilẹ̀ Faransé, bí ìgbà tí abúlé bá jẹ́ ọmọ ẹnì kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìyẹn nínú ìwé, mo gbé ìwé náà kalẹ̀.

Wọ́n tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò pa orúkọ abúlé náà rẹ́. Ohun tó rọrùn jù ni kí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ abúlé mìíràn, kí ọ̀rọ̀ tán. Rárá o. 1919 ni òfin jáde pé ìlú ni wọ́n, ìlú ni wọ́n á máa jẹ́. Ìlú gbọ́dọ̀ ní mẹ́yọ̀, ìyẹn baálẹ̀ tiwọn. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ dìbò yan mẹ́yọ̀ níbi tí kò sí olùdìbò? Aṣojú ìjọba tó wà ní ẹkùn, tí wọ́n ń pè ní préfet, ló ń yan èèyàn mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn á jẹ́ olórí, òun ló ń ṣiṣẹ́ mẹ́yọ̀. Iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ó ń tọ́jú ọ̀nà inú igbó, ó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí wọ́n kọ́ síbẹ̀, ó ń gbàlejò, ó ń ṣètò ọjọ́ ìrántí tí àwọn ọmọ ọmọ àwọn ará abúlé máa ń ti ibi gbogbo wá. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ o. Ọjọ́ ìlú. Irú èyí tá a ń ṣe lónìí yìí. Ìlú tí kò lẹ́nì kan ń ṣe ọjọ́ ìlú.

Ó kan ọ̀rọ̀ ìkànìyàn wàyí. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, mo mọ̀, ẹ̀yin ìyá ẹ má bínú sí mi. Àmọ́ ìjọba ń kà á. Nílẹ̀ Faransé, ìlú àti abúlé wọn lé ní 34,000, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà tí wọ́n sì ń kọ iye èèyàn rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé. Tẹ́ ẹ bá wo ìwé náà, ẹ máa rí Paris, ẹ máa rí Lyon, ẹ máa rí abúlé kan ní ẹkùn Drôme tí wọ́n ń pè ní Rochefourchat tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ èèyàn ẹyọ kan ṣoṣo sí i níwájú (ẹni yẹn á ti máa dá bá ara rẹ̀ ṣèpàdé). Tẹ́ ẹ bá sì ń bá a lọ, ẹ máa rí Fleury-devant-Douaumont. Níwájú rẹ̀: òdo. Wọn ò fò ó. Wọn ò yọ ọ́ kúrò. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, wọ́n kọ òdo síwájú rẹ̀, wọ́n kọjá sí èyí tó tẹ̀ lé e. Àwa tó jẹ́ pé 2006 ni wọ́n kà wá gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà, ẹ jẹ́ ká ro ìyẹn dáadáa. Òdo tiwọn ní àkọsílẹ̀.

Mo débẹ̀ o. Kì í ṣe pé mo kà á nìkan.

Wọ́n mú àwa tíṣà èdè Faransé kan lọ fún kọ́ọ̀sì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì mo wọ rélùwéè lọ sí Verdun. Mo débẹ̀ mo wọ ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì kan, mo ra búrẹ́dì, mo wá fi Faransé tó gún régé bi obìnrin tó ń tà pé ẹ jọ̀ọ́ madame, mo fẹ́ lọ sí Fleury, ibo ni mo ti lè rí àwọn ará Fleury bá sọ̀rọ̀? Obìnrin yìí wo mí. Ó wo búrẹ́dì tó wà lọ́wọ́ mi. Ó ní bàbá, ẹ ti pẹ́ kí ẹ tó dé, ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó wá sáré tọrọ àforíjì torí ó rò pé ó rí mi fín, mo ní má dààmú, lọ́dọ̀ tiwa bí àgbàlagbà ṣe máa dá èèyàn lóhùn nìyẹn.

Takisí ló gbé mi lọ. Awakọ̀ ní ohun kan ṣoṣo ni kí n gbọ́: ẹ má yà kúrò lójú ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá rí irin, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ilẹ̀ ibẹ̀? Ẹ mọ oko iṣu lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ ebè tán? Ẹ fojú inú wo ebè tí òmìrán kọ, tó wá já a sílẹ̀ láìgbin nǹkan sí i. Ilẹ̀ ga, ilẹ̀ rọ̀, ilẹ̀ ga, ilẹ̀ rọ̀, kò síbi tó tẹ́jú tó ẹní. Ihò ọta àgbá ni gbogbo rẹ̀. Koríko ti bò ó, koríko tútù tó rẹwà gan-an, igi dúró lórí rẹ̀, omi òjò wà nínú àwọn ihò tó jìn, mo rí ọ̀pọ̀lọ́ kan tó jókòó sínú ọ̀kan bí ọba. Ọ̀nà tóóró gba àárín, ibi tí àdúgbò wà tẹ́lẹ̀ ni ọ̀nà náà ń tọ̀. Lẹ́bàá ọ̀nà wọ́n ri òpó kékeré funfun mọ́lẹ̀, kò ga. Lára òpó kọ̀ọ̀kan wọ́n kọ ohun tó wà níbẹ̀. Ibí: alágbẹ̀dẹ. Ibí: oníbúrẹ́dì. Ibí: oko ẹnì kan. Ibí: ibi ìfọṣọ. Ibí: ilé ọtí.

Ibí: ilé ìwé.

Mo dúró síbi ilé ìwé, èmi tíṣà. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo kàn rí i pé mo ń wò bóyá pátákó ìkọ̀wé á ti wà ní apá ọ̀tún àbí apá òsì. Ihò kan ló wà níbi tí kíláàsì á wà, ewé gbígbẹ kún inú rẹ̀. Ẹyẹ ń ké. Ó dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ bí mo ṣe ń jẹ búrẹ́dì lẹ́nu.

Ibi tí ìdúró rélùwéè wọn wà nígbà yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé ìrántí ogun Verdun sí, 1967 ni wọ́n ṣí i. Lórí òkè níwájú, ní Douaumont, ilé gígùn kan wà tí wọ́n ṣí ní 1932, ibẹ̀ ni wọ́n kó egungun àwọn ṣọ́jà tí wọn ò mọ orúkọ wọn sí, ti 130,000 èèyàn, Faransé àti Jámánì pọ̀ sójú kan. Àwọn fèrèsé kékeré wà lẹ́yìn ilé náà nísàlẹ̀, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ yọjú, á rí egungun. Mo yọjú lẹ́ẹ̀kan. Ó tó mi. Ilẹ̀ Fleury fúnra rẹ̀ ò sì tíì parí ohun tó ń pọ̀ jáde: ní 2013, wọ́n tún rí egungun ṣọ́jà Faransé 26 níbẹ̀, ọdún kẹtàdínlọ́gọ́rùn-ún lẹ́yìn ogun náà nìyẹn.

Alága, mo dé ibi tẹ́ ẹ bi mí o. Kí ló kan tiwa ńbẹ̀?

Àwọn tó gba odi Douaumont padà lọ́wọ́ Jámánì, lọ́jọ́ kẹrìnlélógún oṣù Ọ̀wàrà, 1916, àwọn ọmọ ogun adúláwọ̀ wà nínú wọn. Àwọn ará Somali wà ńbẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní tirailleurs sénégalais wà ńbẹ̀. Orúkọ yẹn ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ o, wọ́n rò pé ará Senegal nìkan ni wọ́n. Irọ́. Gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń jọba lé lórí ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti kó wọn, Mali òde òní, Guinea, Ivory Coast, Burkina, wọ́n sì kó wọn ní Dahomey, ìyẹn orílẹ̀-èdè Benin òde òní. Ta ló wà ní Dahomey? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Kútọnu wá ẹ dá mi lóhùn. Kétu wà ní Dahomey. Ọ̀họ̀rí wà ní Dahomey. Pọ̀bẹ̀, Ṣákétẹ́. Àwa ni! Ṣebí 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó sí Yúróòpù tí wọ́n fa ìlà gba àárín àgbàlá wa kọjá, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n di ti Faransé, àbúrò di ti Gẹ̀ẹ́sì.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kó wọn? Wọ́n á ní kí baálẹ̀ mú ọmọkùnrin mélòó kan wá. Tí baálẹ̀ ò bá mú wọn wá, wọ́n á mú baálẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti Faransé lọ sójú ogun lé ní 130,000, nǹkan bí 30,000 ò padà wá. Èèyàn wo ló máa jókòó dúró dè wọ́n? Àwọn Ọ̀họ̀rí dìde sí Faransé nínú irà wọn lọ́hùn-ún, láàárín 1914 sí 1916, wọ́n jà, ìbọn Faransé ló borí. Lápá òkè, Ìbàrìbá dìde, Bio Guéra ló ṣáájú wọn, wọ́n pa á ní oṣù Ọ̀pẹ 1916, oṣù yẹn gan-an ni ogun Verdun parí. Ṣé ẹ rí i pé ogun kan náà ni? Ó kàn ní ẹnu ọ̀nà púpọ̀ ni.

Àwọn tí ò jà ńkọ́? Wọ́n dìde lóru. Ìdílé mìíràn, agboolé mìíràn, abúlé mìíràn lódindi, wọ́n gbé igbá, wọ́n pọn ọmọ, wọ́n kọjá ìlà wá sápá Gẹ̀ẹ́sì. Ìmẹ̀kọ gbà wọ́n, Ìlárá gbà wọ́n, ìlú wa yìí gbà wọ́n. Ìyá tó bí bàbá mi wà nínú àwọn tí wọ́n pọ̀n kọjá. Ó máa ń sọ fún wa nígbà tá a wà ní kékeré pé ohun tí òun rántí ni pé wọ́n fi aṣọ di òun lẹ́nu kí òun má baà sunkún, àti pé wọ́n pa ajá wọn kí wọ́n tó kúrò nílé, torí ajá á gbó. Ajá yẹn ló máa ń dùn ún. Kì í ṣe ilé, kì í ṣe oko. Títí tó fi dàgbà, ìyá yìí ò sin ajá.

Abúlé tí wọ́n ti wá ńkọ́? Ìyá mọ orúkọ rẹ̀. Bàbá mi mọ̀ ọ́n. Èmi, mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀ẹ̀kan ni mo sì dé ibi tí wọ́n ní ó wà, oko àgbàdo ẹnì kan ni, igi osè kan àti àpáàdì díẹ̀ ni mo rí. Ọmọ tí mo bí? Mo bi àbíkẹ́yìn mi lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní Dádì, ṣé ẹ máa tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí mi ni.

Ohun tí mo ní í sọ gan-an nìyẹn, gbogbo ọ̀rọ̀ Faransé tí mo ń sọ bọ̀ láti àárọ̀, ibẹ̀ ló ń lọ. Ìjọba kan náà ni. Ogun kan náà ni. Ọdún kan náà, 1916. Ó sọ Fleury dahoro, ó sọ abúlé Ọ̀họ̀rí dahoro. Fleury ní òfin, ó ní mẹ́yọ̀, ó ní òpó funfun níbi tí oníbúrẹ́dì wà, ó ní òdo tirẹ̀ nínú ìwé ìkànìyàn. Èyí tó wà lọ́dọ̀ tiwa, òdo gan-an kò rí. Mi ò bínú sí Fleury o, ohun tí wọ́n ṣe fún un dára, ó dára dé ọkàn mi. Mo kàn ń bèèrè pé ahoro tiwa ńkọ́?

Ẹ má wí fún mi pé ká lọ béèrè lọ́wọ́ Faransé, kí wọ́n tó dá wa lóhùn àwọn tó mọ orúkọ á ti lọ. Ẹ má sì wí fún mi pé ìjọba ìbílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣàánú ara wa. (Ẹ̀rín.) Òpó funfun ò wọ́n. Igi ni, ọ̀dà ni, káfíńtà wà láàárín wa. Àmọ́ kí lẹ máa kọ sára òpó tẹ́ ẹ ò bá mọ orúkọ? Ìdí tí mo fi ka orúkọ abúlé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yẹn fún yín lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Mo mọ̀ wọ́n lórí, èmi ọmọ Ọ̀họ̀rí tí wọ́n bí sí Nàìjíríà, torí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì rí i kà. Ẹ bi mí ní mẹ́sàn-án nínú àwọn abúlé tí àwọn baba wa sá kúrò ní 1916. Mẹ́rin ni mo lè kà. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, mẹ́rin.

Mo ti sọ fún akọ̀wé kó mú ìwé ńlá kan wá, ó wà lórí tábìlì yẹn, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo ti kọ mẹ́rin tèmi sí ojú ewé kìíní. Ẹni tó bá mọ orúkọ abúlé, orúkọ oko, orúkọ agboolé tí ò sí mọ́, ibi tó wà, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ta ni alágbẹ̀dẹ wọn, odò wo ni wọ́n ń pọn, kó dìde kó sọ ọ́ kó tó lọ jẹun. Ó yá, ẹ jẹ́ n… Ta nìyẹn? Màmá tó wà níwájú, tó wọ ìró búlúù, wọ́n ti nawọ́ tipẹ́, èmi ni mi ò rí wọn. Ẹ má dìde, Màmá, ẹ jókòó síbẹ̀. Ẹ gbé máíkì lọ bá wọn. Akọ̀wé, mú báírò. Màmá, ẹ rọra máa pè é, ká lè kọ ọ́ dáadáa.